Máígàádì Ilé Òfìfo

Máígàádì wọ káàkì ẹ̀, ó so bẹ́líìtì mọ́ ikùn tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ó dúró sí géètì iléeṣẹ́. Àbúrò ìyàwó ẹ̀, lébìrà tó ń gbowó lójoojúmọ́, gbé òòlù ńlá léjìká dé.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣí géètì."

"Ta lo fẹ́ rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, èmi mà ni."

"Mo mọ̀. Tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, n ò ní àna. Ta lo fẹ́ rí?"

"N ò fẹ́ rí ẹnì kankan. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

"Iṣẹ́ òòjọ́! Bí òjò bá rọ̀, ebi á pa ẹ́. Mo ní kó o wá iṣẹ́ oṣù bíi tèmi."

"Òótọ́ ni. Òjò ọjọ́sí, omi la mu sùn. Owó oṣù tiyín ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀. Iléeṣẹ́ á san án fún alágbàtà tó mú mi wá, alágbàtà á yọ tiẹ̀. Èyí tó bá kù, ó ń bọ̀."

"Oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ lánàá, ìyàwó mi ló gbé e wá."

"Mo mọ̀. Iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù."

Lébìrà fi ojú wá inú ọgbà. "Ọ̀gá yín dà?"

"Ó lọ sí ìsinmi."

"Àwọn akọ̀wé?"

"Gbogbo wọn ló jọ lọ. Wọ́n kó àga àti tábìlì dání. Èmi ni mo ṣí géètì fún ọkọ̀ akẹ́rù. Mo tiẹ̀ nàró kí wọn bíi ṣọ́jà."

Lébìrà sọ òòlù kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ta ilé yìí. Àwa ni wọ́n ní ká wá wó o."

Máígàádì wo géètì. Ó wo bẹ́líìtì ẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Alágbàtà ńkọ́?"

"Mo ń pè é, kì í gbé e. Mo rò pé owó mi ló ń kà lọ́wọ́."

Ẹ̀rín pa lébìrà. Máígàádì fẹ́ bínú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà, títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Kí ni mo wá ń ṣọ́ látọjọ́ yìí?"

"Afẹ́fẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì ṣọ́ ọ dáadáa, kò dín. Ó ku lébìrà kan tí fọ́mànù, ọ̀gá wa, ń wá. Ìrọ̀lẹ́ ló ń sanwó."

Máígàádì bọ́ káàkì, ó ká a bí ẹni tó ń ká aṣọ ìgbéyàwó. Ó di òòlù mú. Ó gbé e dé orúnkún, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Bá mi bi fọ́mànù: tí mo bá ń wó ilé yìí lọ́sàn-án, ṣé kò ní gbà mí síṣẹ́ oṣù, kí n máa ṣọ́ èyí tó bá kù lóru?"