Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Di Ọmọ Ọwọ́

Eyín ń ro Ògiri.

Ògiri ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Tírélà ló ń wà. Ó ga, ó sì fẹ̀ débi pé tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa rò pé ilẹ̀ ti ṣú ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú bí ẹni tó fi odidi ọsàn há ẹnu, omijé sì ń dà pọ̀rọ̀pọ̀rọ̀ lójú rẹ̀.

"Yéè! Ìyá mi o! Ẹ gbà mí!"

"Dádì, ẹ ní sùúrù," ni ẹ̀gbọ́n mi ń wí. "Ọ̀dọ̀ àwọn ìnṣọ́ránsì la máa kọ́kọ́ dé."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Béèyàn bá gbéyàwó, tàbí tó bímọ, tàbí tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ìnṣọ́ránsì ìlera máa ń fún un láyè díẹ̀ kó wá tún káàdì ẹ̀ ṣe. Táyè yẹn bá ti kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni àyè tiwọn ń parí. Tí wọn ò bá fi ọmọ kún un kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ikọ́ lásán bá ṣe ọmọ náà, àpò ara wọn ni wọ́n máa gbọ́n. Ògiri ò sì lè fi irú eyín yẹn wakọ̀, ni wọ́n bá ní kí n wá gbé wọn lọ.

Akọ̀wé tá a bá níbẹ̀ kì í wojú èèyàn. Kọ̀ǹpútà nìkan ló ń wò. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí ẹ̀, tákátáká, tákátáká, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

"Kí ló yí padà?"

"A bímọ ni, sà," ni mo dáhùn.

"Ẹ kú ewu ọmọ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta, sà."

"Ta ni ọkọ?"

Àfi bí ọmọ ṣe fi igbe ta lásìkò yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún:

"Ọkọ mi rèé o! Olówó orí mi! Òun ló ni mí, òun ló nilé!"

Tákátáká. Kámẹ́rà orí tábìlì bù yẹ̀rì! Wọ́n ti ya ọmọ.

"Ta wá ni ọmọ?"

"Yéè! Ìyá mi o!" Ògiri ló figbe bọnu lórí àga.

Tákátáká. Yẹ̀rì! Wọ́n ti ya òun náà.

Kò sẹ́ni tó fura nínú wa. Ká ṣáà ti tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín ló wà lọ́kàn wa.

Nígbà tá a dé ibi ìtọ́jú eyín nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba káàdì tuntun lọ́wọ́ Ògiri, ó fi kan ẹ̀rọ. Ó wo ẹ̀rọ. Ó wo Ògiri láti òkè délẹ̀. Ó tún wo ẹ̀rọ.

"Ẹ má bínú, sà. Àwọn tó ti ní eyín là ń tọ́jú níbí."

"Kí lẹ wí?"

"Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yín, sà. Ẹ ò tíì hu eyín."

Ẹ̀rín ń pa mí! Mo fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín gba imú jáde.

Ògiri la ẹnu gbàgà. "Kí wá lẹ̀ ń pe èyí? Àgbàdo?"

Dókítà eyín fúnra ẹ̀ jáde wá, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. "Òótọ́ ni, mo rí eyín. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò rí i. Tí mo bá yọ eyín tí kọ̀ǹpútà ò rí, ta ló máa sanwó iṣẹ́ mi?"

"Kí wá ni káàdì mi gbà pé kẹ́ ẹ ṣe fún mi?"

"Ó gbà ká wọ̀n yín," ni nọ́ọ̀sì wí, "ká kán oògùn àjẹsára sí yín lẹ́nu, ká sì kọ́ ìyá yín bó ṣe máa gbá yín lẹ́yìn kẹ́ ẹ lè gùnfẹ̀."

Ẹni tí eyín ń ro ò ní làákàyè o. Ògiri ní kí wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀, bóyá ọ̀kan máa ran eyín lọ́wọ́. Ló bá lọ jókòó sórí ìwọ̀n ọmọ ọwọ́ ní yàrá kejì.

Gbàràgàdà!

Ìwọ̀n pín sí méjì. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ mira. Ó ní, "Ọmọ ń jẹun dáadáa."

La bá sáré padà sọ́dọ̀ akọ̀wé.

"Ẹ ti sọ bọ̀ọ̀dá mi di ọmọ ọwọ́!" ni mo pariwo.

Kò gbójú sókè síbẹ̀. "Ó ṣeé tún ṣe. Àmọ́ ẹni tó ni káàdì ló gbọ́dọ̀ gbà."

"Ta ló ni ín?"

"Ọkọ."

Gbogbo wa yíjú sí ọmọ. Ọmọ ń sùn, ó ń fi itọ́ ṣe púpúpú lẹ́nu.

Akọ̀wé rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ kú ìsinmi. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn ká sọ ọmọ yín yìí di bàbá?"

Ọ̀gá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ń sùn lọ.

"Ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀ wọ́n," ni akọ̀wé wí fún Ògiri. "A ti fẹ́ tilẹ̀kùn."

Ni Ògiri bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó bí!

"Ẹ dákun, sà! Ẹ má fi ti bí mo ṣe ń hanrun lóru ṣe!"

Ṣùgbọ́n ara ńlá yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra dọ̀bálẹ̀. Àgbọ̀n ẹ̀ ló kọ́kọ́ balẹ̀.

Gbòlàà!

Nǹkan funfun kan fò jáde, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ tábìlì.

Eyín ni!

Ẹ̀gbọ́n mi ju ọmọ sí mi lọ́wọ́, ó sáré lọ gbé ọkọ ẹ̀ dìde. Ariwo yẹn ló jí ọmọ. Ó yanu díẹ̀, ó ní:

"Ẹ̀n."

"Wọ́n ti gbà," ni akọ̀wé wí. Tákátáká! Ògiri di ọkọ padà. Yẹ̀rì! Ọmọ di ọmọ.

"Ta ló gbé ọmọ dání?"

"Èmi ni, sà."

Tákátáká. Yẹ̀rì!

A dúpẹ́, a jáde. Ògiri ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ihò lẹ́nu.

Àná ni fóònù mi dún. Ohùn obìnrin ni, ohùn jẹ́jẹ́, láti ilé ìwòsàn.

"Ẹ kú ewu ọmọ, màámi. Ẹ ò tíì wá fún àyẹ̀wò yín o. Ṣé ọmú ń ṣàn dáadáa?"

Mo fọwọ́ pa irùngbọ̀n mi. "Màdáàmù, ọkùnrin ni mí!"

Ó mí kanlẹ̀, ó ní:

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ó máa ń ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bẹ́ẹ̀."