Àdúrà Ìyáàfin Mojúbàolú

Ẹni tó bá ní òfin lè dá ìyá dúró, kó wá gbọ́ eléyìí. Ní Èbúté Ìkòròdú, lábẹ́ àtíbàbà Ṣẹ̀rífátù tó ń ta ẹja yíyan, Alhaja Wàsílátù ará Ẹ̀pẹ́ jókòó ní àárọ̀ Túsìdeè, ó fi gèlè bojú, ó ń retí àwọn míṣọ́nárì. Àwọn méjì dé: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, báàjì dúdú láyà. Ọ̀kan ni Benjamin, ọmọ Gánà, tí kò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀". Èkejì ló ń sọ̀rọ̀ yìí.

TÚNJÍ: Ẹ káàárọ̀ mà. Àwa ni míṣọ́nárì Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn, àwọn tí ẹ ń pè ní Mọ́mọ́nì. Wọ́n ní Ìyáàfin Mojúbàolú kan ránṣẹ́ pé ká wá kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò gba ìdádúró.

ALHAJA (ó ṣí gèlè kúrò lójú): Èmi rèé.

TÚNJÍ: Yéè! Màámi!

ALHAJA: Ta ni màmá ẹ? Ìyáàfin Mojúbàolú ni mò ń jẹ́. Jókòó, kí o kọ́ mi.

TÚNJÍ: Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọjọ́ tí ẹja bá hu irun lẹ tó máa jókòó gbọ́ ìwàásù mi?

ALHAJA: Àrọ̀ ní irùngbọ̀n. Jókòó.

TÚNJÍ: Níbo lẹ tiẹ̀ ti rí Mojúbàolú?

ALHAJA: Lára ọkọ̀ ojú omi kan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó wù mí. Tìẹ náà ńkọ́, kí ni wọ́n kọ sí ẹ láyà? "Alàgbà Afọlábí." Alàgbà! Ọmọ ogún ọdún!

TÚNJÍ: Orúkọ iṣẹ́ ni. Màámi, ẹ̀ ń wá wàhálà fún mi. Ọdún méjì la fi ń ṣiṣẹ́ yìí. A kì í lọ sílé, ilé kì í wá bá wa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ń pe ilé, ní Mọ́ńdè, ọjọ́ tí à ń fọṣọ.

ALHAJA: Mọ́ńdè àná ńkọ́? O wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù kú. Mo ní, "Túnjí, irú ikọ́ wo lèyí?" Nẹ́tíwọ̀kì ló dá mi lóhùn.

TÚNJÍ: Ikọ́ lásán ni, kò ṣe nǹkan kan. Tí ààrẹ tó ń darí àwa míṣọ́nárì bá gbọ́ pé ìyá mi ń wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́, Bàdágírì ni wọ́n máa gbé mi lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa lọ sílé.

ALHAJA: Èèyàn ní òun ń wá Ọlọ́run, o ní kó máa lọ sílé. Ṣé bí wọ́n ṣe ní kí ẹ máa ṣe é nìyẹn? Bi ọmọ Gánà yìí wò.

(Benjamin rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè nǹkan.)

TÚNJÍ: Ó fẹ́ mọ ohun tí ẹ wí.

ALHAJA: Sọ fún un pé òùngbẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń gbẹ mí.

TÚNJÍ: Mi ò lè purọ́.

ALHAJA: Sọ fún un pé òùngbẹ ń gbẹ mí nígbà náà. Oòrùn yìí mú.

(Túnjí sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Inú Benjamin dùn, ó ṣí ìwé.)

TÚNJÍ: Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan o. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ilé kan kàn án pẹ́nrẹ́n, mo máa dìde.

ALHAJA: Mo gbọ́. Kí la kọ́kọ́ ń ṣe?

TÚNJÍ: Àdúrà. Ó ní kí ẹ̀yin fúnra yín gbà á. Kí ẹ bá Ọlọ́run sọ ohun tó wà lọ́kàn yín.

ALHAJA: Ohunkóhun?

TÚNJÍ: Ohunkóhun.

ALHAJA: Kò sì sẹ́ni tó máa dá mi dúró?

TÚNJÍ: A kì í dá ẹni tó ń gbàdúrà dúró.

ALHAJA: Ẹ̀sìn yín dáa o. Ẹ dijú.

(Àwọn méjèèjì dijú, wọ́n ká apá mọ́ àyà.)

ALHAJA: Ọlọ́run Ọba, Ìwọ lo rí ọrùn ọmọ yìí. Ọrùn tí mo fi ìkọ́kọrẹ́ àti ẹja Ọjà Olúwo tọ́, ó ti rí bí ọrùn lékeléke. Olúwa, ta ló ń dáná fún wọn? Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti dú lẹ́yìn, ṣé ọṣẹ ti tán n'Ìkòròdú ni? Bá mi sọ fún un pé Lateefat ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bímọ, ọkùnrin làǹtì-lanti, ó fi etí jọ ọ́. Bá mi sọ fún un pé ìyá àgbà ń béèrè rẹ̀, wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ó ti kú ni, kí a má fi pamọ́ fún àwọn. Kí o sì jẹ́ kó mọ̀ pé ewúrẹ́ rẹ̀ bí méjì, mo ti ta ọ̀kan. Àmín.

TÚNJÍ (ó lajú kíá): Ẹ ta kí ni?

ALHAJA: Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn o. Ṣé o máa dìde ni?

(Benjamin ti ṣe àmín tirẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì ń sọ̀rọ̀.)

TÚNJÍ: Ó ní oṣù mẹ́rìndínlógún tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ò tíì gbọ́ àdúrà tó ti inú wá báyìí. Ó ní kí èmi náà gbà á ká tó lọ.

ALHAJA: Mo ti dijú.

TÚNJÍ: Olúwa, a dúpẹ́ nítorí ọmọ Lateefat. Inú mi dùn, Olúwa, inú mi dùn gan-an. Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún ìyá kan pé mò ń jẹun dáadáa, pé ìrìn ẹsẹ̀ láti Gáréèjì dé Èbúté ló mú kí ọrùn mi gùn. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọn ò bi mí kí wọ́n tó ta ewúrẹ́ mi. Dárí jì wọ́n. Kí o sì jẹ́ kí wọ́n tètè rí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ wọ̀ lónìí. Lórúkọ Jésù Krístì, àmín.

ALHAJA: Mi ò ṣàmín sí ti ọkọ̀.

Kò sì wọ ọkọ̀ kankan. Ilé Ṣẹ̀rífátù ló sùn ní Túsìdeè, ibẹ̀ ló sùn ní Ọjọ́rú. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Benjamin ló ṣáájú dé àtíbàbà, bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìkómọ.

ALHAJA: Ẹ kú àbọ̀. Mo ti po Lipton dè yín.

TÚNJÍ: A kì í mu tíì, mà. Òfin ìjọ wa ni.

ALHAJA: Ta ni kì í mu tíì? Ìwọ tí o máa ń fi búrẹ́dì nu inú kọ́ọ̀bù mi títí yóò fi gbẹ?

TÚNJÍ: Ọ̀rọ̀ ilé!

ALHAJA: Ọ̀rọ̀ tíì ni. Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Ṣé òfin yín de ìkọ́kọrẹ́ náà?

TÚNJÍ (ó wo abọ́ náà, ó wò ó pẹ́): Òfin ò mọ ìkọ́kọrẹ́.

(Wọ́n jẹun. Benjamin bu lẹ́ẹ̀mejì, ó nu ọwọ́, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan.)

TÚNJÍ: Ó ń béèrè pé ta ni Lateefat. Ó ní òun gbọ́ ọ nínú àdúrà yín, òun tún gbọ́ ọ nínú tèmi. Òun tú Bíbélì, òun tú Ìwé Mọ́mọ́nì, òun ò rí i.

ALHAJA: Sọ fún un pé wòlíì obìnrin ni.

TÚNJÍ: Mo ní mi ò lè purọ́!

ALHAJA: Sọ fún un pé obìnrin tó ní sùúrù ni, Ọlọ́run wá fún un lọ́mọ.

(Túnjí sọ ọ́. Benjamin mi orí, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wá gbójú sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó gùn. Ẹnu Túnjí là sílẹ̀.)

TÚNJÍ: Ọ̀ràn dé. Màámi, ohun yòówù kí n túmọ̀ báyìí, ẹ sáà sọ pé rárá.

ALHAJA: Kí ló wí?

TÚNJÍ: Ó ní ṣé ẹ máa gbà kí a dá ọjọ́ ìrìbọmi yín? Ẹ máa wọ aṣọ funfun, a ó sì rì yín bọ omi tàtẹsẹ̀-tàtorí.

ALHAJA: Tí mo bá ní rárá ńkọ́?

TÚNJÍ: A ó máa lọ sílé ẹlòmíì nìyẹn. Ilé tó ń dúró dè wá pọ̀.

ALHAJA: Ẹ ò ní wá ní Sátidé?

TÚNJÍ: A ò ní wá.

ALHAJA: Mo gbà.

TÚNJÍ: Màámi! Alhaja ni yín! Ẹ ti dé Mẹ́kà!

ALHAJA: Aṣọ funfun náà la wọ̀ níbẹ̀. Sọ fún un pé mo gbà.

(Kò tíì túmọ̀ tán tí Benjamin fi dìde bọ Alhaja lọ́wọ́.)

TÚNJÍ: Mo gbé! Ó ní aṣáájú wa máa kọ́kọ́ wá bi yín léèrè ọ̀rọ̀, àkọ́kọ́ ibẹ̀ sì ni orúkọ yín. Orúkọ tí bàbá yín sọ yín, kì í ṣe ti ara ọkọ̀!

ALHAJA: Ẹ dijú.

TÚNJÍ: Kò sí ìdijú kankan!

ALHAJA: Ọlọ́run Ọba, bá mi sọ fún ọmọ yìí kó wúkọ́ kí n gbọ́.

TÚNJÍ (ó sáré dijú): Olúwa, mi ò ní wúkọ́.

ALHAJA: Olúwa, ó ń mú un mọ́ra. Wo ojú rẹ̀ bó ṣe pọ́n.

TÚNJÍ: Olúwa, ata inú ìkọ́kọrẹ́ ni… (Ikọ́ dé. Ó wú u, ó wú u, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú.)

ALHAJA (kò dijú mọ́): Àmín.

Oorun ò kun Túnjí títí ilẹ̀ Sátidé fi mọ́. Ó ti pinnu pé òótọ́ lòun máa sọ, bó bá sì jẹ́ Bàdágírì, kó jẹ́ Bàdágírì. Kó tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà ló ti bẹ̀rẹ̀.

TÚNJÍ: Màámi, mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún Alàgbà Benjamin. Èèyàn dáadáa ni, yàrá kan náà la jọ ń sùn, mo sì ń tàn án láti Túsìdeè. Mi ò lè máa fi irọ́ ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run.

ALHAJA: O ò jẹ̀bi, jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gbàdúrà kan péré kí wọ́n tó lé mi.

TÚNJÍ: Màámi, ẹ jọ̀ọ́…

ALHAJA: A kì í dá ẹni tó ń gbàdúrà dúró. Ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ.

(Wọ́n dijú.)

ALHAJA: Ọlọ́run Ọba. Mi ò wá já ọmọ yìí gbà lọ́wọ́ Rẹ. Inú bí mi nígbà tó ń lọ, Ìwọ náà gbọ́ ohun tí mo wí, ti ẹja tó hu irun yẹn. Ìyẹn ti tán. Ṣùgbọ́n Afọlábí bàbá rẹ̀, nígbà tí ikọ́ mú un, kí ló wí? Ó ní, "Wàsílá, kò ṣe nǹkan kan." Mo gbà á gbọ́. Mo gbé ẹja, mo lọ sọ́jà. Oṣù méjì péré, mo di opó. Olúwa, nínú fóònù, ohùn yẹn gan-an ni mo gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an náà ló sì sọ fún mi níbí ní Túsìdeè. Mi ò lè tún gbà á gbọ́ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kó lọ sí ọsibítù, kí dókítà yẹ àyà rẹ̀ wò. Tó bá ti lọ, mo máa wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ títí ọdún méjì á fi pé. Gbogbo ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ìrìbọmi ò sí níbẹ̀. Àmín.

(Túnjí ń fi táì nu ojú.)

TÚNJÍ: Kí ló dé tí ẹ ò sọ ti bàbá fún mi láti Túsìdeè?

ALHAJA: Ọ̀rọ̀ ilé ni.

(Benjamin na ọwọ́ sókè, ó ní ó kan òun láti gbàdúrà. Ó dijú, ó ń sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Túnjí ń túmọ̀ tẹ̀lé e.)

TÚNJÍ: Ó ní, Baba wa tí ń bẹ lọ́run, a dúpẹ́ fún òní. A dúpẹ́ fún ọ̀sà yìí àti ẹja inú rẹ̀. A dúpẹ́ fún ìyá Alàgbà Afọlábí tó… (Ó lajú.) Kí ló wí?

ALHAJA: Máa túmọ̀ lọ! A kì í dá ẹni tó ń gbàdúrà dúró.

TÚNJÍ: Ó ní, Olúwa, bá òun sọ fún wọn pé gbogbo Mọ́ńdè tí ọmọ wọn bá ń pè wọ́n, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lòun máa ń jókòó. Oṣù mẹ́ta lòun ti ń rí ojú wọn nínú fóònù. Bí wọ́n ṣe ṣí gèlè báyìí lòun ti dá wọn mọ̀.

ALHAJA: Háà! Ọmọ Gánà!

TÚNJÍ: Ó ní òun sọ fún ààrẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Ààrẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbàdúrà, àwọn ò lè lé e. Ó ní kí Olúwa forí ji òun nítorí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi, òun kàn fẹ́ mọ ibi tí ìyá lè rìn dé ni. Ó ní ikọ́ mi ò jẹ́ kí òun sùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun ti bá mi gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tí mo bá kọ̀, òun máa gbé mi pọ̀n lọ. Ó ní kí Olúwa wo ọmọ Lateefat dàgbà. Lórúkọ Jésù Krístì, àmín.

ALHAJA: Àmín! Àmín, àmín, àmín!

(Ó dìde, ó fa àpò tó gbé wá láti Ẹ̀pẹ́ jáde. Ó di ẹja yíyan mẹ́ta sínú bébà, ó gbé e lé Benjamin lọ́wọ́. Ó wá dúró, ó ń wo ọmọ Gánà náà.)

ALHAJA: Ìyá tiẹ̀ ńkọ́?

TÚNJÍ: Wọ́n wà ní Kumasi. Ó ní tí òun bá pè wọ́n ní Mọ́ńdè, wọ́n á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Òun á ní òun ti jẹun. Ó parí.

ALHAJA: Oṣù mẹ́rìndínlógún gbáko?

TÚNJÍ: Bẹ́ẹ̀ ni.

ALHAJA: Gba nọ́ńbà ìyá rẹ̀ fún mi. Obìnrin yẹn ò tíì mọ àdúrà gbà.