Ọjọ́ Tí Mọ̀ọ́ntán Ṣí Agbárí Ọkọ̀

Àgbàlá ilé kan ni, ní òwúrọ̀. Ọkọ̀ ìsáré pupa kan dúró níbẹ̀, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀, ìjókòó méjì péré ló sì ní. Ọ̀kan nínú ìjókòó náà ni ìyá ìyàwó wà, bẹ́líìtì ti dè é mọ́lẹ̀, àpò ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ìyá Ọlọ́mọrí ni àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tó wà ní ṣíṣí tí kò ní wá nǹkan bò. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí ṣitíárìn, kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Mọ̀ọ́ntán lorúkọ tí wọ́n fi ń bú u, tí òun sì gbà bí oyè. Àárọ̀ yìí ni bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé ìyá yóò gbéra, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló sì ń lọ; ọkọ̀ pupa yìí ni yóò gbé ìyá dé ibùdókọ̀. Mọ̀ọ́ntán ti ń retí ọjọ́ náà bí ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń retí ìtúsílẹ̀.

ÌYÁ: Ọkọ ọmọ mi, kí là ń dúró dè?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ẹ fara balẹ̀, Mọ́mì. Ọpọlọ ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe.

ÌYÁ: Ọkọ̀ náà ò rìn mọ́ ni?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ó ń rìn dáadáa.

ÌYÁ: Ó wá ń ṣe wèrè?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Rárá o! Ọpọlọ rẹ̀ pé. Mo kàn fẹ́ kó pé sí i ni.

ÌYÁ: Orí ò fọ́ ọkọ̀, o ń fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí.

(Mọ̀ọ́ntán rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín àwọn tó ti wo fídíò kan tán.)

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ẹ ò lè mọ̀, Mọ́mì. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú ọkọ̀ yìí tó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì iye epo tí yóò mu àti ìgbà tí iná yóò ṣẹ́. Àwọn tó ṣe é bẹ̀rù, wọ́n so ọkọ̀ náà lọ́wọ́. Èmi fẹ́ tú u sílẹ̀.

ÌYÁ: Àwọn tó ṣe é bẹ̀rù. Ìwọ tó rà á lọ́wọ́ ẹni kẹta, ẹ̀rù ò bà ọ́.

MỌ̀Ọ́NTÁN: Agbára ẹṣin ogójì ni màá fi kún un!

ÌYÁ: Ẹṣin ogójì! Nítorí arúgbó kan àti báàgì méjì?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Kí ẹ lè tètè dé ni.

ÌYÁ: Kí n lè tètè lọ ni. Ṣebí mo gbọ́ ọ ní kíṣínì tí ò ń sọ fún ìyàwó rẹ pé yàrá mi lo fẹ́ máa kó táyà sí.

MỌ̀Ọ́NTÁN: Há, Mọ́mì! Àwàdà ni.

ÌYÁ: Àwàdà lo tò síwájú ilẹ̀kùn mi láti ìjẹta? Mo ti bá ọ fi aṣọ bò wọ́n.

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ẹ rí i? Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn! Ẹ bo tẹlifíṣọ̀n, ẹ bo bàtà mi. Lánàá, mo jí lójú oorun, áńkáṣíìfù ló wà lójú mi!

ÌYÁ: Ẹnu rẹ ni mo fi bò. O ya á sílẹ̀, eṣinṣin ń yẹ inú rẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ háyà yàrá.

(Mọ̀ọ́ntán tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìyá yí ọrùn wo ẹ̀yìn ọkọ̀.)

ÌYÁ: Ìyẹ́ tí o kàn mọ́ ọn lẹ́yìn yìí ńkọ́? Ó ń fò ni?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Kì í fò. Ó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tó bá ń sáré.

ÌYÁ: O fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán, o wá ń wá ẹṣin tí yóò fà á dìde.

MỌ̀Ọ́NTÁN: Mọ́mì, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.

ÌYÁ: Ó jìn lóòótọ́, ìdí rẹ̀ ni n ò rí. Ta ló kọ ohun tí o fẹ́ kó sí i lágbárí?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ọ̀gá kan ni, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Asáré-bí-àrá ni wọ́n ń pè é.

ÌYÁ: O ti rí i rí?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Mo rí fọ́tò rẹ̀. Ó wọ dígí dúdú.

ÌYÁ: Nígbà tí o wá fẹ́ ọmọ mi, a wádìí rẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gẹ irun rẹ. Ọpọlọ odidi ọkọ̀, ọwọ́ onídígí dúdú lo ti gbà á.

MỌ̀Ọ́NTÁN: Àìmọye èèyàn ló ti lò ó!

ÌYÁ: Wọ́n padà wá sọ bó ṣe rí?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Àwọn kan padà wá.

ÌYÁ: Àwọn tó kù ńkọ́?

(Mọ̀ọ́ntán ki wáyà bọ ihò kan lábẹ́ ṣitíárìn, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.)

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ó ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ wo ìlà aláwọ̀ ewé yìí bó ṣe ń rìn. Ó ń pa ọpọlọ àtijọ́ rẹ́, ó ń kọ tuntun sí i. Tó bá dé òpin, ó parí, a gbéra. Bí ẹ ṣe jókòó yìí, Mọ́mì, mo ti ṣí agbárí ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu!

ÌYÁ: (Ó ta gìrì.) Gbayawu?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Gbayawu. Iṣẹ́ abẹ là ń ṣe. Dókítà lẹ̀ ń wò yìí.

ÌYÁ: Láìbò?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ẹ gbà, ẹ gbé e sórí itan, kí n lọ kó báàgì yín sí bútù. Ẹ má tẹ nǹkan kan o. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má pa á! Tí kọ̀ǹpútà bá kú láàárín méjì, ọkọ̀ kú nìyẹn.

ÌYÁ: N kò ní pa á.

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ẹ ṣèlérí fún mi.

ÌYÁ: Èmi tí n kì í pa aáyán.

(Mọ̀ọ́ntán bọ́ sílẹ̀, ó ń súfèé. Ó kó báàgì méjèèjì sí bútù, ó sì pa á dé gbàmù. Lẹ́yìn ògiri, aládùúgbò kan ń gbálẹ̀. Eruku dìde, ó gba orí ògiri, ó kọjú sí fèrèsé ọkọ̀. Ìyá wo eruku. Ó wo kọ̀ǹpútà tó lanu sílẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ti ń ṣe láti kékeré. Mọ̀ọ́ntán padà dé.)

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ó ti parí? Mọ́mì! Ta ló pa á?

ÌYÁ: Kò sẹ́ni tó pa á. Mo dé e ni.

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ẹ dé e!

ÌYÁ: Agbárí wà ní ṣíṣí, eruku ń bọ̀, dókítà ń súfèé. Kí n máa wòran?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Tí ẹ bá ti dé e, ó máa ń sùn ni!

ÌYÁ: Ta ni wọ́n wá ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí kì í sùn?

(Mọ̀ọ́ntán ṣí kọ̀ǹpútà. Ìlà aláwọ̀ ewé ti lọ, lẹ́tà pupa ló kù. Ó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀: kẹ́kẹ́ pa. Ó tún un yí. Ọkọ̀ ò tilẹ̀ wúkọ́.)

MỌ̀Ọ́NTÁN: Mo gbé o! Ọpọlọ àtijọ́ ti parẹ́, tuntun ò sì tíì kọ tán!

ÌYÁ: Ìyẹn ni pé kò ní ọpọlọ kankan báyìí?

MỌ̀Ọ́NTÁN: Kò ní!

ÌYÁ: Ó ti wá jọ olówó rẹ̀.

MỌ̀Ọ́NTÁN: Takisí! Ẹ bọ́ sílẹ̀, Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sáré dá takisí dúró!

ÌYÁ: Báàgì mi ńkọ́?

(Mọ̀ọ́ntán sáré lọ sídìí bútù. Òun fúnra rẹ̀ ló dí ihò kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ lóṣù tó kọjá, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè dán. Bọ́tìnnì ló fi rọ́pò rẹ̀, ó sì so bọ́tìnnì náà mọ́ ọpọlọ ọkọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó bẹ bọ́tìnnì.)

MỌ̀Ọ́NTÁN: Bútù ò ṣí.

ÌYÁ: Èmi kọ́ ni mo dé ìyẹn o.

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì! Màá fi báàgì ránṣẹ́. Màá rù ú wá fúnra mi!

ÌYÁ: Kọ́kọ́rọ́ ilé mi wà nínú rẹ̀.

(Fèrè bọ́ọ̀sì ńlá kan dún lópin àdúgbò. Bọ́ọ̀sì náà kọjá lọ́nà títì, gbogbo fèrèsé rẹ̀ ń dán. Ìyá juwọ́ sí i.)

ÌYÁ: Bọ́ọ̀sì mi nìyẹn. Ó dàbọ̀ o!

(Mọ̀ọ́ntán jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.)

MỌ̀Ọ́NTÁN: Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé yín lọ, bó jẹ́ ẹ̀yìn ni màá fi pọ̀n yín.

ÌYÁ: Ọ̀sẹ̀ wo? Kí ayé lè ní ọ̀fọ̀ ṣẹ ọkọ ọmọ mi, mo di ẹrù, mo lọ? N kò rebì kan títí ọkàn rẹ á fi balẹ̀. Mo sì mọ̀ ọ́, ọkàn rẹ kì í tètè balẹ̀.

(Ó tú bẹ́líìtì, ó rọra bọ́ sílẹ̀, ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì mi orí.)

ÌYÁ: Dìde. Lọ bá mi ká aṣọ tí mo fi bo àwọn táyà rẹ wá.

MỌ̀Ọ́NTÁN: Kí lẹ tún fẹ́ fi í ṣe?

ÌYÁ: A kì í fi òkú sílẹ̀ láìbò.