Eṣinṣin Bọ̀ọ̀dá Délé

Ọjọ́ kan wà tí mo ti gbìyànjú títí láti gbàgbé, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ni ọjọ́ tí mo wọ ṣòkòtò rọ́bà ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wọnú ọ̀sà Bàrígà láìtọrọ rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Délé ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi náà. Ìlú òtútù ni wọ́n ń gbé. Wọ́n wálé ọdún Kérésì, ilé wa ní Bajulaiye ni wọ́n sì dé sí. Nínú ẹrù wọn ni ọ̀pá ìpẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà àti ṣòkòtò rọ́bà tó ga dé àyà, nítorí pé bí wọ́n bá ti padà dé ọ̀hún, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, orí òkè kan ni àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń lọ tààrà. Wọ́n ní lásìkò tí yìnyín bá bo ilẹ̀, inú odò orí òkè ni àwọn máa ń dúró sí títí ẹsẹ̀ á fi kú, tí àwọn á máa wá ẹja kan tó ń jẹ́ tíráòtì. Wọn kì í fi ekòló dẹ ẹ́. Eṣinṣin ayédèrú ni, ìyẹ́ àti òwú tí wọ́n so mọ́ ìwọ̀.

Wọ́n ṣí àpótí kékeré kan, wọ́n fi ọ̀kan hàn mí, ìyẹ́ dúdú pẹ̀lú òwú pupa nídìí.

“Bàbá Tómi, wo èyí. Bàbá arúgbó tó kọ́ mi lẹ́ja pípa ló fọwọ́ ara wọn so ó. Wọ́n ti kú. Èyí nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.”

Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Bàbá arúgbó Ìlàjẹ kan ni mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn létí omi Bàrígà. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń fi ìyẹ́ adìyẹ pẹja, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi àwọ̀n ọwọ́ wọn sílẹ̀.

“Ìwọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìwé dídì lo ń ṣe, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi lẹ́ja pípa?”

“Bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́la ẹ ó rí i.”

Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti lo ọ̀pá náà rí, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, kọ́tìnnì aládùúgbò mi ni mo sì fi já.

Ọ̀la yẹn gan-an ni Bọ̀ọ̀dá ń padà lọ. Láàárọ̀, wọ́n lọ dágbére fún àǹtí wọn ní Fọlá Agoro, wọ́n ní tó bá di agogo méjìlá àwọn ti dé. Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé ọ̀pá, mo gbé ṣòkòtò rọ́bà, mo sì mú eṣinṣin bàbá tó kú. Ẹ má bi mí ìdí. Mo rò ó pé bí mo bá máa mú nǹkan onínǹkan, kí n mú èyí tó dáa jù, bí ẹni pé ìyẹn ń dín ẹ̀ṣẹ̀ kù.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ọ̀sà funfun, ètè mi sì ti là. Bàbá Ìlàjẹ jókòó sórí ọkọ̀ wọn. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wò mí. Mo rìn wọnú omi títí ó fi dé ìbàdí mi, ni ẹrẹ̀ bá gbá ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú. Mo fa ọ̀tún, òsì rì sí i. Ẹ̀rù ti ń bà mí, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ, mo bá fi ọ̀pá ju okùn àti eṣinṣin náà.

Lásìkò yẹn ni ọkọ̀ oníyanrìn kan ń kọjá, ó ta aṣọ ìgbòkun rẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ gbé eṣinṣin náà, ó gbé e lọ tààrà, ó fi ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ àárín ìgbòkun.

Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ́wọ́ mi. Ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Mo pariwo kí wọ́n dúró, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rò pé mo ń kí wọn ni, wọ́n juwọ́ sí mi. Bí mo bá fi sílẹ̀, ọ̀pá lọ. Bí mo bá dì í mú, èmi ni yóò fà lulẹ̀. Mo dì í mú. Mo dojú bolẹ̀, omi ọ̀sà sì gba ọrùn ṣòkòtò wọlé, ó kún un títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. N kò lè dìde. Mo rò ó pé bóyá ibẹ̀ ni n ó kú sí, nínú ṣòkòtò àna mi. Ni mo gbọ́ tí okùn já.

Bàbá Ìlàjẹ ló di apá mi mú, tí wọ́n fà mí jáde. Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́, ìyẹn sì dùn mí ju ẹ̀rín lọ. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi. Eṣinṣin ti bá ìgbòkun lọ.

Ìgbà tí mo fi délé, agogo mọ́kànlá ti kọjá. Mo lé àkùkọ tí ìyàwó mi ń sìn de ọdún tuntun yí ẹ̀yìnkùlé ká, mo fa ìyẹ́ dúdú méjì ní ìrù rẹ̀. Mo gé òwú tí mo fi ń rán ìwé, àmọ́ funfun ni, ni mo bá fi tádà ìtẹ̀wé kùn ún ní pupa. Mo so ó mọ́ ìwọ̀ kan nínú àpótí. Bí mo ṣe fi ṣòkòtò rọ́bà sínú oòrùn tán ni Bọ̀ọ̀dá wọlé.

Wọ́n ṣí àpótí náà. Wọ́n wo eṣinṣin mi, wọ́n fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo ti ń fi tádà ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, mo gbàgbé pé kì í tètè gbẹ. Ìka wọn pupa. Wọ́n wo ìka, wọ́n wò mí, wọ́n fi hańkáṣíìfù nù ún, wọ́n sì pa àpótí dé. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Oorun ò kùn mí dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí lórí fóònù.

“Bàbá Tómi, mo pa tíráòtì kan. Eṣinṣin tádà rẹ ni mo fi pa á. Ti bàbá ńkọ́?”

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

“Nígbàkígbà tí a bá dúró nínú odò tútù yẹn,” ni wọ́n wí, “bàbá náà á bi mí pé irú omi wo ló wà nílé wa. Mo ṣèlérí pé màá mú wọn wá wò ó. Àìsàn ò jẹ́.” Ohùn wọn yí padà díẹ̀. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Eṣinṣin wọn ti gbé wọn dé ojú ọ̀sà wa báyìí. Ṣùgbọ́n so mẹ́fà sí i fún mi.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì nu ojú mi. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: kí n máa tọrọ. Ká ní mo tọrọ ni, Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ni ìbá bá mi lọ sétí omi. Ní báyìí, àkùkọ ilé wa kì í dúró bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá sì lọ ra ẹja ní Bàrígà, gbogbo ìgbòkun tó bá kọjá ni mo máa ń kí ní “Ẹ kú ewu ọkọ̀, bàbá.” Bàbá Ìlàjẹ sọ pé láti ọjọ́ tí mo ti mu omi ọ̀sà yẹn ni orí mi ti dàrú. N kò tíì bá wọn jiyàn.