Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ Kí N Wọlé

Ní aago méje ìrọ̀lẹ́, mẹkáníìkì kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí táwọn èèyàn máa ń wọ̀ lọ gbafẹ́ lórí òkun. Níkà ló wọ̀, pẹ̀lú tíṣáàtì tí ọ́ìlì ti ta sí, àti sílípáàsì rọ́bà. Gbogbo ayé ló ti sọ fún un pé ọkùnrin tí kò bá wọ kóòtù kò lè jẹun níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìmúra, ìdí nìyẹn tó fi mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé kóòtù ẹ̀ sílé. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà, Kò-Sí-Táì-Kò-Sí-Oúnjẹ làwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sọ ọ́. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń dá èèyàn padà níbẹ̀, kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni, ọrùn ló máa ń wò. Mẹkáníìkì wa fajú ro bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

“Ẹ káalẹ́ o, ọ̀gá. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kí n wọlé. Mi ò bínú. Òfin lòfin ń jẹ́. Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ síwèé, kí n lè fi han ìyàwó mi.”

Ọ̀gá ẹnu ọ̀nà mí kanlẹ̀. Ó wo sílípáàsì náà, ó gbójú kúrò, ó tún wò ó.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ máa wọlé.”

“Ẹ ní kí ni?”

“Mo ní ẹ máa wọlé. Inú wa dùn láti rí yín.” Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé oògùn kíkorò ló ń gbé mì.

“Èmi? Nínú níkà yìí?”

“Orúnkún yín ò ṣe wá ní nǹkan kan, sà.”

“Ẹ wo ẹsẹ̀ mi dáadáa.”

“Mo ti wò ó.” Ó dijú. “Mi ò fẹ́ wò ó mọ́.”

Mẹkáníìkì wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá ẹlòmíì tó máa lé e.

“Àbí ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń pè ní Kò-Sí-Táì-Kò-Sí-Oúnjẹ?”

“Èmi nígbà kan rí ni, sà. Láti oṣù méjì sẹ́yìn lòfin ti yí padà. Àwọn ọ̀gá wa ní ayé ti lajú, pé ẹni tó bá wá gbafẹ́, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lára.” Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò, ó na ọwọ́ ẹ̀ jìnnà sí ara. “Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ: ‘Ẹ wọ ohun tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.’ Rọ̀ yín lọ́rùn! Lọ́rùn, sà! Ibi tó jẹ́ pé ilé táì ni!”

“Ìwé yẹn ò kàn mí. Òfin àtijọ́ ni kẹ́ ẹ lò fún mi.”

“Bí mo bá lè lò ó, inú tèmi gan-an á dùn ju tiyín lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá ọkùnrin kan padà, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ló wọ̀. Mo dá èkejì padà, táwẹ́ẹ̀lì ló ró mọ́dìí. Bí mo bá fi dá ẹnì kan padà sí i, ilé ìfọṣọ ni wọ́n ń gbé mi lọ, nísàlẹ̀ ọkọ̀ lọ́hùn-ún, kí n lọ máa fọ táwẹ́ẹ̀lì ẹni tí mo dá padà.”

Mẹkáníìkì wá rí i pé ọkùnrin yìí kò ṣeré. Òógùn bò ó. Ó fa tíṣáàtì ẹ̀ síwájú, ó fìka tọ́ka sí i.

“Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rèé láyà mi o. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.”

“Ó jọ òdòdó, sà.”

“Òdòdó ńbo?”

“Sà, mo ń gbìyànjú o.”

Mẹkáníìkì bọ́ sílípáàsì, ó ki méjèèjì bọ abíyá. “Ó dáa, ẹsẹ̀ lásán ni mo wà báyìí.”

“Kápẹ́ẹ̀tì wa rọ̀, sà. Ẹ ó gbádùn ẹ̀.”

Ó bọ́ tíṣáàtì. Ohun tó ṣẹ́ kù sí i lára ni síngílẹ́ẹ̀tì kan tó ti lu bí asẹ́.

“Ihò mélòó lẹ rí?”

“Mi ò ka ihò ara àlejò, sà.”

“Ẹ kà á!”

“Mọ́kànlá.” Ọ̀gá ẹnu ọ̀nà fọwọ́ ti ògiri kó má baà ṣubú. “Ọlọ́run ọba! Ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ni mo ti dá adájọ́ padà torí pé táì ẹ̀ wọ́! Mo dá ọkọ ìyàwó padà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ gan-an!”

“Kí ni ìyàwó wá ṣe?”

“Ó wọlé, ó jẹ tiẹ̀, ó jẹ tọkọ.”

“Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ni? Ẹ dá èmi náà padà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tì mí díẹ̀. Ẹ kàn fọwọ́ kàn mí láyà, èmi fúnra mi á ṣubú.”

“Oúnjẹ ń tutù, sà. Ẹ wọlé.”

“Mi ò wọlé!”

“Ẹ máa wọlé!”

“Ẹ lé mi!”

“Mi ò lè lé yín! Ṣé ẹ rò pé kò wù mí ni?”

Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé wọ́n fẹ́ na ara wọn. Ọ̀kan gbé sílípáàsì há abíyá, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n lé òun. Èkejì wọ kóòtù dúdú tó ń dán, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má fi ìdẹwò dán òun wò. Ìgbà tó rẹ àwọn méjèèjì, ọ̀gá ẹnu ọ̀nà fa àga kan wá, ó sì gbàgbé “sà.”

“Ẹ jókòó. Kí ló ṣe yín gan-an? Ṣé ebi ò pa yín ni?”

“Ebi ń pa mí. Ìyá ìyàwó mi ló wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ọgọ́rin ọdún ni wọ́n pé lónìí, àwọn ọmọ wọn ló kó gbogbo wa wá sórí omi. Èmi làna àgbà. Èmi ni wọ́n ní kó dìde sọ̀rọ̀ ìkíni.”

“Ọ̀rọ̀ ló ń bà yín lẹ́rù?”

“Ojú wọn ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, mo lọ tọrọ ọmọ wọn. Abẹ́ lọ́rì ni mo ti jáde, mi ò ráyè pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò mí látorí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò bímọ fún ẹni tí kò ní kóòtù. Wọ́n sì tilẹ̀kùn.”

“Báwo lẹ wá ṣe rí ọmọ fẹ́?”

“Ọmọ gba ojú fèrèsé jáde. Nígbà tó yá, àwọn náà gbà, ọ̀rọ̀ ti kọjá kí wọ́n má gbà. Àmọ́ ìwò yẹn, wọn ò fi sílẹ̀. Títí dòní, bí mo bá ti yọ, orí ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bá a dé ẹsẹ̀, wọ́n á wá ní, ‘Ṣé dáadáa ni?’ Kóòtù ẹ̀wẹ̀, mo rà á. Mi ò jẹ́ wọ̀ ọ́ níwájú wọn. Ṣé kí wọ́n lè sọ pé àwọn ló sọ mí dèèyàn ni? Ó dùn mí, ọ̀gá. Ó ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.”

Ọ̀gá ẹnu ọ̀nà wo bàtà ara ẹ̀.

“Mo mọ ìwò yẹn. Òun náà ni mo ti fi ń jẹun bọ̀.” Ó họ orí. “Èwo gan-an nínú àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ni?”

“Ẹ ò lè ṣì wọ́n mọ̀. Wọ́n máa ń múra ju ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lọ.”

“Kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Àbí ìyá ọlọ́jọ́ìbí orí tábìlì kejìlá lẹ ń wí? Ìyá tó wọ sílípáàsì?”

“Ta ló wọ sílípáàsì?”

“Onírun ni. Etí ehoro wà lórí ẹ̀. Pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn.”

“Ìyá ìyàwó *mi*?”

“Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń wú àwọn, pé ọpẹ́lọpẹ́ ìwé òfin tuntun yìí làwọn fi gbà láti wá. Wọ́n tún dúró fi ehoro náà hàn mí. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ní, ‘Ẹ káàbọ̀, mà.’”

Mẹkáníìkì fò dìde, ó lẹ ojú mọ́ gíláàsì róbótó tó wà lára ilẹ̀kùn. Ó wá tábìlì kejìlá, ó rí i. Ó rí aṣọ ìwọ̀sùn aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó rí ehoro méjì tó jókòó pẹ́ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn ẹ̀, ó gbọn ọ́n títí sílípáàsì fi já bọ́ lábíyá ẹ̀. Ṣàdédé ló yíjú sí ọ̀gá ẹnu ọ̀nà.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi wá kóòtù.”

“Kóòtù kẹ̀?”

“Àti táì. Àti bàtà tó ń dán. Lónìí, èmi ni màá wo àwọn náà látorí dé ẹsẹ̀. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ehoro yẹn, màá pẹ́ níbẹ̀.”

Ọ̀gá ẹnu ọ̀nà ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kóòtù tí wọ́n máa ń yá èèyàn tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kó wọn kúrò, ṣùgbọ́n aṣọ tiẹ̀ kejì, kóòtù àti ṣòkòtò, wà pẹ̀lú bàtà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti lọ̀ ọ́ gán-ín gán-ín. Láti oṣù méjì, kò tíì so táì mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

“Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ má mí ná.”

“Ó ń fún mi lọ́rùn o.”

“Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn! Ṣé ọrùn èèyàn yẹ kó máa ṣe bó ṣe wù ú ni?” Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, omijé sì lé ròrò sí i lójú. “Háà, ẹ wo ọmọlúàbí! Sà, èmi Kò-Sí-Táì-Kò-Sí-Oúnjẹ ni mo sọ ọ́: mi ò ní dá yín padà láéláé.”

Mẹkáníìkì gbé àyà síwájú, ó wọlé bí ẹni tó ni ọkọ̀. Ilẹ̀kùn padé, àwa àti ọ̀gá ẹnu ọ̀nà la jọ ṣẹ́ kù síta. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ilẹ̀kùn tún fi ṣí. Ọkùnrin wa ló ń bọ̀, ó rọra ń rìn, ó gbé tíréè òfìfo lọ́wọ́.

“Ẹ ti tètè dé? Ẹ wò wọ́n látorí dé ẹsẹ̀ bí?”

“Mi ò tíì dé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi gbé tíréè lé mi lọ́wọ́.”

“Ta ló gbé tíréè lé yín lọ́wọ́?”

“Ìyá ìyàwó mi. Wọ́n ní omi àwọn ti tán, pé kí n mú èyí tí kò tutù jù wá.”

Ọ̀gá ẹnu ọ̀nà wo kóòtù náà, ó wo tara ẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. “Yéè! Aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀ fún yín! Ẹ ò wá sọ pé ẹ̀yin ni?”

“Mo fẹ́ sọ. Àbẹ́là ni wọ́n tàn sórí tábìlì, kò mọ́lẹ̀ tó, wọn ò sì rí mi nínú kóòtù rí láyé wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọ̀gá. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, wọn ò di ọwọ́ yìí mú rí.” Ó wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíì ni. “Ìyàwó mi jókòó tì wọ́n, ó ti ki aṣọ ìnuwọ́ bọnu kó má baà rẹ́rìn-ín sókè.”

“Kí ni wọ́n wá wí?”

“Wọ́n wò mí látorí dé ẹsẹ̀.”

“Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀!”

“Wọ́n ní, ‘Ọmọ mi, wo bó o ṣe mọ́ tónítóní! Irú ẹ gan-an ni mo wá kiri fún ọmọ mi tí mi ò rí. Ṣé o ti níyàwó?’”

“Háà! Kí lẹ sọ?”

“Òótọ́ ni mo sọ. Mo ní, ‘Mo ti níyàwó, mà, ó sì ń tọ́jú mi gan-an. Ìyá ẹ̀ nìkan ni ò tíì gbà fún mi, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, nítorí aṣọ.’”

“Ẹ gbà mí o! Kí ni wọ́n fèsì?”

“Inú bí wọn. Wọ́n lu tábìlì, àbẹ́là fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Wọ́n ní, ‘Nítorí aṣọ? Irú ìyá wo nìyẹn? Lọ mú un wá síbí fún mi nísinsìnyí, jẹ́ kí n bá ọ bá a wí!’”

Ọ̀gá ẹnu ọ̀nà fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sún wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. “Báwo lẹ wá ṣe fẹ́ ṣe é?”

Mẹkáníìkì tún táì ẹ̀ ṣe títí ó fi gún dáadáa, ó na tíréè sí i.

“Ẹ bá mi bu omi tí kò tutù jù. Kẹ́ ẹ sì bá mi wá dígí ìwojú kan tó tóbi díẹ̀ kún un: wọ́n ní kí n mú ìyá ìyàwó mi wá.”