Ọjọ́ Tí Ṣọ́ọ̀kì Funfun Dá Mi Lẹ́jọ́

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì kọ̀ láti gbé mi dé ẹnu ọ̀nà lọ́la. Ẹsẹ̀ náà ni mo fi búra, nítorí òun nìkan ni dúkìá tó ṣẹ́ kù fún mi, ọ̀kan nínú rẹ̀ pàápàá sì ti ń rojọ́ ní orúnkún.

Àléébù mi kò ju ẹyọ kan lọ: kò sí ohun tí ènìyàn lè bi mí tí n óò sọ pé n kò mọ̀. Mo ti gun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, mo ti fọ abọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, mo ti bá àwọn tó ń wá wúrà gbẹ́ kòtò títí kòtò fi jìn ju ọgbọ́n wa lọ. Gbogbo ohun tí mo kó bọ̀ kò ju ẹnu lọ. Wọ́n ní ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi, òde ni mo ti kó àkísà wálé.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ìyàwó mi bí ọmọ kẹrin. Èkíní obìnrin, èkejì obìnrin, ẹ̀kẹta obìnrin. Nígbà tí agbẹ̀bí yọ orí lẹ́nu ọ̀nà tó ní, “Ẹ kú oríire, obìnrin ni,” mo wọlé, mo wo ìyàwó mi bí ẹni tó rán ènìyàn níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí onítọ̀hún ń lọ jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mo ní, “Obìnrin yìí, ìwọ náà mọ ohun tí o ṣe fún mi.” Mo gbé báàgì, mo bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó di gbére.

Ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀yin ènìyàn! Ẹni tó bínú kúrò nílé tí kò rántí gbé bàtà kejì.

Nígbà tí orúnkún wí fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́, mo padà. Ẹ sì gbọ́ o, ọmọ kẹrin yẹn gan-an, èyí tí n kò dúró kí ẹkún rẹ̀ àkọ́kọ́ parí, òun ló ti di nọ́ọ̀sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ ṣíṣọ́ géètì níbẹ̀, tó sì ní kí n máa sùn nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà. Ilé rẹ̀ kò jìnnà ju ibi tí òkò ọmọdé lè dé lọ. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ibẹ̀ ni n kò lè wọ̀.

Lọ́jọọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ kanlẹ̀kùn. Ìyàwó mi á ṣí fèrèsé, kò ní ṣí ilẹ̀kùn.

“Sọ ohun tí mo ṣe fún ọ,” ni yóò wí. “Ọjọ́ tí o bá sọ ọ́, ọjọ́ náà ni n óò ṣílẹ̀kùn.”

“O mọ̀ ọ́n,” ni èmi náà máa ń dáhùn, ọlọ́gbọ́n ayé.

Gbàmù! Fèrèsé ti padé.

Bẹ́ẹ̀, òjò ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní yàrá géètì. Ṣùgbọ́n òjò kọ́ ni olórí ẹjọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n jókòó níbi tí ẹnìkan yóò ti bi mí bóyá mo ti jẹun. Àgbà tó bá ti tó báyìí, ìbéèrè yẹn dùn ju oúnjẹ lọ.

Ó ku ti ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ mi yìí, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè é, òun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ nípa ara àti ìbálòpọ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú. Fèrèsé kíláàsì náà kọjú sí géètì, mo sì máa ń gbé àga síbi tí n óò ti rí wọn. Ẹ wá wo ìran! Bí Nọ́ọ̀sì bá ti ya àwòrán sí pátákó, apá kan á máa rẹ́rìn-ín sínú kọ́là ẹ̀wù, apá kan á bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ́ńsù tí kò sọ nù lábẹ́ tábìlì. Àwọn tó wà lẹ́yìn á fẹ̀yìn tì bí ẹni pé àwọn ló kọ ìwé ẹ̀kọ́ náà. Ọmọbìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ ní kó máa fi ọwọ́ di etí. Ó ń dì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń la ìka sílẹ̀ díẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ béèrè. Kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ mọ̀.

Ìbéèrè tí ojú kò jẹ́ kí wọ́n bi Nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó o wá lásìkò ìsinmi. Ẹ sì mọ̀ pé àgbà kì í wà ní géètì kí orí ọmọ ilé ìwé wọ́. Mo gbá orí náà mú, mo tún un wọ́ sí i.

Ọmọkùnrin gíga kan wà tí wọ́n ń pè ní Òpó. Òun ni olórí agbábọ́ọ̀lù wọn, irùngbọ̀n ẹyọ mẹ́fà ti yọ lágbọ̀n rẹ̀, ó sì mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Bàbá, kí ló dé tí ohùn mi fi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo?”

“Àpọ̀jù orin ni. Dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, olùkọ́ ìṣirò bi í léèrè, ó fọwọ́ sí ẹnu, ni olùkọ́ bá ní kó lọ dúró sójú oòrùn.

“Bàbá, irorẹ́ ojú mi wá ńkọ́?”

“Irọ́ tí o ń pa fún ìyá rẹ ló ń yọ síta.”

Ọmọbìnrin kan tó ń lo awò ojú, Olójú Mẹ́rin ni wọ́n ń pè é, ó béèrè tirẹ̀. “Bàbá, kí ló ń fà á tí wọ́n fi ń bí ọkùnrin, tàbí obìnrin?”

Há! Ìbéèrè dé ilé oníbéèrè. Mo ní, “Orí kunkun obìnrin ni. Obìnrin tí orí rẹ̀ bá kunkun, obìnrin ni yóò máa bí, kó lè rí ẹgbẹ́ kó. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó pa mí nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Nọ́ọ̀sì kó ìwé ìdánwò wá bá mi ní géètì. Ojú rẹ̀ le bí ojú ìyá rẹ̀ lójú fèrèsé.

“Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógún ló kọ ọ́ pé orí kunkun obìnrin ló ń fa ọmọbìnrin. Ọ̀kan tiẹ̀ kọ ibi tó ti rí i sísàlẹ̀: ‘Bàbá Géètì, ọ̀rọ̀ ẹnu.’”

“Mọ́kàndínlógún péré?” ni mo wí. “Mélòó ni gbogbo wọn?”

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sí kíláàsì mi ní Ọjọ́rú. Iwájú ni kí ẹ jókòó sí.”

Ẹni tó ní làákàyè ì bá mọ̀ pé wọ́n ti mú òun. Èmi, inú mi wú bí búrẹ́dì. Mo sọ fún awakọ̀ ilé ìwé, mo sọ fún ẹni tó ń gé koríko, mo sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì pé wọ́n ti pè mí kí n wá kọ́ni. Mo yá kóòtù lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì. Kẹ́míkà ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lójú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ni, iwájú ló ń kọ sí ènìyàn. Mo yá táì lọ́wọ́ awakọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sábẹ́ fèrèsé. “Ní Ọjọ́rú, èmi ni n óò kọ́ wọn!”

“Kí ni wàá kọ́ wọn?”

“Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin.”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Láti ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nìyẹn. Ó fi ẹ̀rín náà ti fèrèsé.

Ọjọ́rú pé. Mo wọ kíláàsì, ariwo sọ. Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí tábìlì kan níwájú, tábìlì ọmọ ọdún méjìlá. Mo ti ara bọ̀ ọ́. Orúnkún mi wọlé. Kò jáde mọ́.

Mo wúkọ́. “Ẹ̀yin ọmọ dáadáa, nígbà tí mo wà lójú òkun...”

“Bàbá,” Nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́, “nínú kíláàsì yìí, a máa ń nawọ́ ká tó sọ̀rọ̀.”

Mo nawọ́. Abíyá kóòtù ya, fàà! Títí dé ìbàdí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Olójú Mẹ́rin fi bọ́ awò rẹ̀ nù. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ní kó máa di etí ti gbàgbé pé òun ní etí.

Nọ́ọ̀sì gbé àpò aṣọ méjì sórí tábìlì. Ó ní ohun tó ń pinnu ọkùnrin tàbí obìnrin, ara ìyá àti ara bàbá ló ti ń wá. Ọmọ á gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá, á gba ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá. “A ó fi ṣọ́ọ̀kì ṣe é. Bí méjèèjì bá jẹ́ funfun, obìnrin ni. Bí ó bá jẹ́ funfun kan àti pupa kan, ọkùnrin ni. Ta ni yóò di àpò ìyá mú?”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti Òpó síwájú. Ó dúró síbẹ̀, ìyá onírùngbọ̀n mẹ́fà, ìbọ̀sẹ̀ kan nílẹ̀, ìkan lókè.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa di àpò bàbá mú. Ìdajì funfun, ìdajì pupa ló wà níbẹ̀. Ẹ di ojú, kí ẹ mú ẹyọ kan.”

“Ẹ má wulẹ̀ dààmú,” ni mo wí. “Pupa ni n óò mú. Ọwọ́ mi mọ ọ̀nà.”

Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òpó mú tirẹ̀: funfun. Mo mú tèmi: funfun.

“Obìnrin!” ni gbogbo kíláàsì hó.

“Mo ṣì ń dán ọwọ́ wò ni.”

Mo fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́. Funfun. “Obìnrin!”

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo la ojú kan díẹ̀. “Bàbá, ẹ di ojú.” Mo dì í. Funfun. “Obìnrin!”

Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo ro inú àpò náà bí ẹni ń fọ aṣọ, mo bẹ orí mi, mo bẹ ọwọ́, mo bẹ ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Mo fà á yọ.

Wọ́n ti gun orí bẹ́ǹṣì. “Obìnrin mẹ́rin! Bàbá Géètì, ẹ kú ewu ọmọ!”

Mo yíjú sí Òpó, mo nàka. “Ìwọ ni! Ìwọ lo ń bà á jẹ́! Kí ló dé tí o kò mú pupa wá?”

Ọmọ náà gbọn àpò rẹ̀ dànù sórí tábìlì. Funfun, funfun, gbogbo rẹ̀ funfun. Ó fi ohùn rẹ̀ tó ń ké lókè tó ń ró nísàlẹ̀ sọ pé, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Níbo ni kí n ti rí pupa? Ẹ̀yin nìkan lẹ ní in.”

Mo yọjú wo inú àpò tèmi: pupa ń wò mí níbẹ̀.

Olójú Mẹ́rin nawọ́. “Nọ́ọ̀sì, ṣé ìyá ò ṣe nǹkan kan nìyẹn?”

“Kò ṣe nǹkan kan.”

“Ṣé bàbá ló wá jẹ̀bi?”

“Òun náà ò jẹ̀bi. Ó di ojú ni, kò mọ èyí tí ọwọ́ òun bà.” Ọmọ mi kò wò mí, pátákó ló ń nù. “Ṣùgbọ́n bí ó bá mú u tán, tó wá ń bínú sí ìyá...”

“Ìyẹn ni orí kunkun,” Olójú Mẹ́rin wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí àgbà fi ọgbọ̀n ọdún jókòó tí kò rí, ọmọdé dìde dúró, ó fi ṣọ́ọ̀kì hàn án. Mo wo ẹyọ mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ mi. Mo gbójú sókè. Ẹ̀kẹrin dúró níwájú pátákó nínú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ tó funfun báláú.

Ọmọkùnrin mẹ́ta ló fà mí yọ nínú tábìlì náà. N kò dúró ní géètì. Ilé ni mo gbà lọ tààrà, kóòtù ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lábíyá. Mo kanlẹ̀kùn.

Fèrèsé ṣí. “Òní kì í ṣe Àìkú.”

“Mo mọ̀.”

“O ti kọ́ wọn tán?”

“Wọ́n ti kọ́ mi.”

“Ó dáa. Sọ ohun tí mo ṣe fún ọ.”

Mo na ọwọ́ sókè sí i, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́. “O ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo mú wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”

Ó wo ṣọ́ọ̀kì náà. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Ìyá kan tó ní irùngbọ̀n.”

Ó mi orí. “Agbẹ̀bí ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an, kí omi ìwẹ̀ ọmọ tó tutù. Mo ní kí wọ́n pè ọ́ wá kí n sọ fún ọ. Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ ti ṣí.”

Fèrèsé padé. Mo ní ó parí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn, kírí, kọ́! Ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ńlá: òkun tí mo là kọjá, kòtò tí mo gbẹ́, gbogbo òpópónà tí mo rìn kí n tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo tún táì ṣe. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, èyí tó ń rojọ́. Mo ní, “Ìyàwó mi, láti ìpẹ̀kun ayé...”

Kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ tí mo gbé sókè ló ń wò, ó sì fi àgbọ̀n júwe ẹní tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Nu ẹsẹ̀ ẹ.”

Kò fi nǹkan kan kún un títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú. Ohun tó sọ ni pé, “Nu ẹsẹ̀ ẹ.”