Bí Láwuyì Fọ́káníṣà Ṣe Gun Orí Táńkì

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí mọ ohun tó bí òwe náà, tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tí à ń wò kì í wòran? Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa fẹ́ sọ pé ìyá àgbà òun ti ń pa á kí tẹlifíṣàn tó dé ilẹ̀ wa. Kó dákẹ́ ná. Ìyá àgbà rẹ̀ ò sí ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Èmi wà níbẹ̀, orí àga onírọ́bà ni mo jókòó sí.

Láwuyì ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, iṣẹ́ fọ́káníṣà ló ń ṣe. Lọ́dún kan, àwọn tó ń ṣe fíìmù wá sí ìlú wa, táyà ọkọ̀ wọn jò, Láwuyì sì bá wọn lẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti ń sáré yí táyà náà bọ̀ ni ọ̀gá wọn ti rí i, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àwọn sì ń wá ìránṣẹ́ tó máa sáré wọ ààfin. Wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò sí i lọ́rùn. Ó sáré wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, wọ́n ti gbé e lọ." Gbogbo ohun tó sọ nínú fíìmù náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni Láwuyì ò ti sinmi mọ́. Kò sí oníbàárà tí kò sọ fún pé òun wà nínú fíìmù, kò sì sí èyí tó gbà á gbọ́. Bí àwọn ọlọ́kadà bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Wọ́n-ti-gbé-e-lọ, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì fi í rẹ́rìn-ín lọ. Ó dùn ún wọra. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ò tíì rí bí òun ṣe rí nígbà tí òun bá ń rìn tàbí tí òun bá ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta sídìí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e sí. Ẹ sì mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ilé iṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn níbẹ̀ pọ̀ lọ jàra, gbogbo wọn ló ń gba owó oṣooṣù, èyí tí o bá sì sanwó fún gan-an ni kì í ní ohun tí ò ń wá. Láwuyì ti ń san ti ọ̀kan tẹ́lẹ̀, òun ni Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ fi ń wo eré àwọn ará Íńdíà. Fíìmù tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà, ti Láwuyì nìkan ni kò sí.

Apá rẹ̀ ò ká méjì. Ó dá ti ìyàwó rẹ̀ dúró, ó sì san ti èkejì tí fíìmù tirẹ̀ wà.

"Bàbá Mọ́yọ̀," Wúràọlá wí, "láti ọjọ́ yìí ni ìyàwó tuntun inú eré mi yẹn ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ó ku kó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ẹ wá já a."

"Oṣù kan péré ni. Jọ̀ọ́, fara dà á."

"Ó dáa. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé eré ìdọ̀bálẹ̀ ẹyọ kan ni mo tìtorí ẹ̀ fi tèmi sílẹ̀, gbogbo ẹni tí mo bá mọ̀ ló máa wá wò ó. Ẹ ò sì gbọdọ̀ dá a wò kí wọ́n tó dé. Owó yẹn ò ní lọ lásán."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kó àlejò jọ. Ó pe ará ilé, ó pe ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe onílé wọn, ó tún ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Òkèhò. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi sí, torí ilé iṣẹ́ náà ti kéde pé tó bá di agogo méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn máa gbé fíìmù ọ̀hún kúrò. Láwuyì mọ̀ pé bí òun ò bá rí i lọ́jọ́ yẹn, òun ò rí i mọ́ nìyẹn.

A jókòó, fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ìparí ni ìránṣẹ́ yẹn ti máa jáde. A wò ó dé ìdajì, ni Alàgbà Fátókun, onílé wọn, bá wọlé. Gbogbo wa dìde kí i. Ó jókòó, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣàn.

"Ta lèyí tó ń sunkún?"

"Olorì ni, sà. Wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé."

"Ìgbà wo ni wọ́n jí i? Láwuyì, ṣé àjẹkù lo fẹ́ gbé ka iwájú mi ni?"

Ta ló máa ní kí àgbà jẹ àjẹkù? Láwuyì dá fíìmù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. A wò ó títí, ó ku díẹ̀ kí ìránṣẹ́ jáde, ni bàbá Wúràọlá dé láti Òkèhò. Láwuyì na gbalaja sílẹ̀ níwájú àna rẹ̀. Nígbà tó dìde, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún un, òun fúnra rẹ̀ ló tún dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èèyàn kì í fi ìdajì eré ṣe àna rẹ̀ lálejò. A tún bẹ̀rẹ̀, olorì tún sunkún. Ọba wá jókòó, ó ń retí ìránṣẹ́, Láwuyì sún mọ́ etí àga, àwòrán bá dúró gbagidi.

Dátà ti tán.

Láwuyì sáré lọ rà á sórí fóònù rẹ̀ tí tẹlifíṣàn ń fa dátà lára rẹ̀, ó sáré dé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò wọlé. Alàgbà Fátókun ní bí òun ṣe mọ ilé òun sí, orí táńkì omi tó wà lẹ́yìn fèrèsé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dára. Láwuyì gun àkàbà dé orí táńkì. Ó gbé fóònù lé e, àwòrán ò lọ. Ó nà án sókè, àwòrán ń lọ.

"Ó ti dé," a wí láti inú ilé. "Má gbé ọwọ́ yẹn wálẹ̀ o."

"Kí ẹnì kan wá bá mi dì í mú, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti fẹ́ kàn mí."

"Láwuyì," àna rẹ̀ wí, "ọ̀nà Òkèhò jìn. Ìwọ ni mo wá wò."

"Ìwọ ti mọ ohun tí o ṣe níbẹ̀," ni Alàgbà Fátókun fi kún un. "Àwa la ò tíì mọ̀."

Wúràọlá ní òun tí òun fi eré òun sílẹ̀, òun kọ́ ni òun tún máa gun táńkì. Wọ́n wá wo èmi náà. Ẹsẹ̀ ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn.

Bí a ṣe ń sọ èyí, àwọn tó ń kọjá ti ń dúró. Àwọn ọlọ́kadà pa ẹ̀rọ wọn, wọ́n gbójú sókè.

"Kí lọkùnrin yẹn ń ṣe lókè?"

"Wọ́n ní fíìmù ló ń wò."

"Níbo ni fíìmù ọ̀hún wà?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá wọ́n á rí i lára rẹ̀. Àárín ìyẹn ni Láwuyì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú ilé: "Kábíyèsí, wọ́n ti…" Kò lè mú un mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè yọjú wo tẹlifíṣàn láti ojú fèrèsé. Ojú rẹ̀ ò tíì dé ibẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi wálẹ̀, àwòrán dúró bó ṣe la ẹnu sílẹ̀. Gbogbo ilé pariwo pé kó gbé e sókè, àna rẹ̀ gan-an pariwo. Ó gbé e sókè. Ó gbọ́ "gbé e lọ," ó gbọ́ àtẹ́wọ́, ó rí ojú ọ̀run. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, agogo méje ti kọjá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fíìmù yìí kò sí níbí mọ́.

"Báwo ni mo ṣe rí?" ó béèrè.

"Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ dára," Alàgbà Fátókun wí, "àmọ́ àyà rẹ ò kanlẹ̀."

Wúràọlá ní, "A rí gbogbo eyín yín. Ẹ la ẹnu yẹn pẹ́."

Ọlọ́kadà kan tó ti fi orí wọ fèrèsé ní àwọn ò ní pè é ní òpùrọ́ mọ́. Gbogbo wa ní ó ṣe dáadáa. Bí a ṣe ń yìn ín tó ni ojú rẹ̀ túbọ̀ ń fàro.

"Gbogbo yín ti rí mi," ó wí. "Ará títì tún rí mi lórí táńkì. Èmi nìkan ni mi ò rí mi."

Àna rẹ̀ ronú sí i, ó wá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ọmọ mi, ṣe sùúrù," ó wí. "Ẹni tí à ń wò kì í wòran."